Àwòdì Tó Fẹ́ràn Ẹnu Mi

Kí wọ́n tó sọ ọ́ lẹ́yìn mi, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́: èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa àwòdì kan. Àwọn àgbà ní ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ti òrofó tiẹ̀ dáa, ara rẹ̀ ló pa. Tèmi, ẹyẹ ẹlẹ́yẹ ni mo gbé ẹnu lé.

Ilé ìwòsàn ẹranko ìgbẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ti di ọdún mọ́kànlá. Kì í ṣe ti ajá àti ológbò o. Àwọn tó ń wọlé tọ̀ wá kò ní ẹni tó ni wọ́n: òwìwí tí mọ́tò gbá, ìjàpá tí iná jó lẹ́yìn, ọ̀bọ tí wáyà iná mú, òòrẹ̀ tó ki orí bọ ike tí orí kò sì jáde mọ́. Inú páálí, inú garawa, inú àpò tí wọ́n fi ń ra nǹkan ni àwọn èèyàn máa ń gbé wọn wá. A ó tọ́jú wọn, ara wọn á le, a ó dá wọn padà síbi tí wọ́n ti wá. Kò sí èyí tó ń dúpẹ́. Òòrẹ̀ tí mo fi wákàtí méjì yọ orí rẹ̀ nínú ike, ẹ̀gún mẹ́rin ló fi sí mi lápá kó tó máa lọ.

Mi ò lọ sílé ẹ̀kọ́ kankan fún iṣẹ́ yìí. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀. Mo ń fọlẹ̀, mo ń wo ọwọ́ àwọn dókítà; ìwé tí wọ́n bá jù nù, mo ń ṣà á kà. Nígbà tó pé ọdún mẹ́ta, mo sọ fún dókítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà pé bó ṣe di apá ẹyẹ lékèélékèé kan yẹn kò dáa, pé apá náà máa gan. Ó bínú. Apá náà sì gan. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi tí wọ́n fi ẹ̀mú lé mi lọ́wọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò gọ̀, torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ó jọ ti ẹni tó gọ̀ gan-an.

Rédíò ni wọ́n ń pè mí. Káfíńtà tó ń kan àgò fún wa, tó tún ń wa mọ́tò wa, ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Ó ní rédíò gidi tiẹ̀ sàn díẹ̀, pé bátìrì tirẹ̀ máa ń kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀rù, tó bá gbúròó mi ní ìta báyìí, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń gbà jáde. Àwọn ìbejì mi ti wà nílé ọkọ. Orí fóònù la ti ń kí ara wa, àwọn méjèèjì sì máa ń rántí ìkòkò tó wà lórí iná tó bá ti di ìṣẹ́jú kẹta. Mo ti bi wọ́n léèrè rí, irú ìkòkò wo ni ẹ̀yin méjèèjì rà yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àwòdì.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni wọ́n gbé e dé. Àwọn tó ń gé igi lójú títì ló fi í sínú páálí bàtà. Ìtẹ́ wọn bá igi wó, òun nìkan ló yè é. Ìyẹ́ rẹ̀ ṣì dà bí òwú, egungun apá òsì ti sán. Dókítà wa báyìí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í la ẹnu tó bá ti lè fi orí dáhùn, ya àwòrán egungun náà, ó di apá mọ́ ara, ó ní á jinná. Ó ní títọ́ ọ dàgbà ló ṣòro.

Bó ṣe rí nìyí. Ọmọ àwòdì tó bá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn, tó rí ojú ẹni náà, tó gbọ́ ohùn rẹ̀, á gbà pé èèyàn ni ìyá òun. Tó bá dàgbà, tí ebi pa á, ọ̀dọ̀ èèyàn ló máa fò lọ. Ta ló sì máa rí àwòdì tó ń já bọ̀ lórí òun tí kò ní wá òkúta? Nítorí náà la ṣe ní yàrá kan ní ìkangun ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a ń pè ní Kẹ́kẹ́-Pa. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn rẹ̀: MÁ SỌ̀RỌ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọbẹ̀ á da aṣọ aláwọ̀ eérú borí dé orúnkún, á sì ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ kan tó ní orí àwòdì. Ọkọ mi tó jẹ́ télọ̀ ló rán ìbọ̀wọ́ náà: aṣọ àwọ̀ ilẹ̀, bọ́tìnnì dúdú méjì fún ojú, awọ bàtà tó ti gbó fún ẹnu. Ó lẹ́wà ju àwòdì gan-an lọ. Inú ẹnu yẹn ni ẹ̀mú máa ń wà, ẹ̀mú ló ń gbé ẹran eku gígé fún ọmọ.

Èmi ni Dókítà yàn fún un. Káfíńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí pákó.

"Dókítà, ẹ fẹ́ gbé rédíò wọ Kẹ́kẹ́-Pa, kẹ́ ẹ wá máa retí pé kó má dún."

"Ọwọ́ wọn ló dáa jù," ni Dókítà wí.

Mo sọ fún Káfíńtà pé ọwọ́ yìí kan náà máa dáa lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi panu mọ́. Ẹ bá mi kọ ọ́ síbì kan. Ní ọjọ́ kẹrin, kí n tó kúrò nílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ìpàdé ẹbí ti bọ́ sí Sátidé, pé kí n má wulẹ̀ ṣe wàhálà àtiwá, kí n sinmi. Kí n sinmi. Mi ò rí ẹni sọ ọ́ fún lójú ọ̀nà. Mo dé Kẹ́kẹ́-Pa, mo daṣọ borí, mo kiwọ́ bọ ìbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ náà ń hó nínú mi bí omi inú ìkòkò tí wọ́n dé pa. Mo ní kí n kàn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, kó lè kúrò lọ́nà ọ̀fun mi.

Mo ní, "Ṣé o gbọ́ pé kí n sinmi?"

Ọmọ àwòdì la ẹnu.

Lónìí mo mọ̀ pé ebi ló ń pa á. Lọ́jọ́ yẹn, lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ló yà á lẹ́nu. Mo fi ẹran kan sí i lẹ́nu, mo ní, "Obìnrin tí ò lè se omi kó má jóná." Ó tún la ẹnu, ó na ọrùn sókè, ó ń retí àbọ̀ rẹ̀. Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé, kò tíì sẹ́ni tó fọkàn sí i báyẹn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló ń jẹun, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni mo ń ròyìn. Mo sọ ti akọ̀wé báńkì kan tó ní kí n lọ kí n padà wá lọ́la, tó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ ti àwọn ìbejì àti ìkòkò wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì bá tán lẹ́nu mi, màá bú òun fúnra rẹ̀: "Wo orí ẹ bí ìdérí ìgò. Wo ọrùn. Irú èyí ló máa gbé adìẹ? Adìẹ ló máa gbé ẹ." Inú rẹ̀ á dùn, á gbọn apá tí wọn ò dì. Mo sọ ti Dókítà pàápàá, pé bó ṣe ń dákẹ́ yẹn, àfi bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ dọjọ́ ogbó. Gbogbo rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, lábẹ́ aṣọ. Mo rò pé mo gbọ́n. Aṣọ wà lójú mi, ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ mi, kò sí òfin tí mi ò pa mọ́ àfi ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn.

Apá jinná. Ìyẹ́ gidi hù. A gbé e lọ sínú àgò gígùn tó wà lẹ́yìnkùlé. Igi àti àwọ̀n ni Káfíńtà fi kàn án, ó tó ogójì ìṣísẹ̀ láti ìkangun kan dé èkejì, kí ẹyẹ lè rí ibi na apá. Ibẹ̀ náà la ti ń dán wọn wò. Dókítà rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, àwòdì sá lọ sí ìkangun kejì. Káfíńtà rìn kọjá, ó súfèé, ó sá. Inú Dókítà dùn débi pé ó sọ odidi gbólóhùn kan.

"Ẹ ṣeun, Mọ̀mí. Ẹ tọ́ ọ dáadáa."

Mo gbà á láìtijú. Mo tún gbé gèlè mi sókè díẹ̀ sí i.

Ọjọ́ kejì ni mo tẹ ìṣó. Káfíńtà ló fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì gún bàtà mi já. Mo gbóhùn sókè. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, kí n tó wá máa bọ̀ lórí òun alára. Mi ò tíì dé ìdajì tí nǹkan kan fi bú gbàmù sára àwọ̀n lẹ́yìn mi. Àwòdì ni. Ó fi èékánná há mọ́ àwọ̀n, ó sọ apá méjèèjì kalẹ̀ wọ̀ọ̀, ó la ẹnu, ó ń ké bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Káfíńtà wo ẹyẹ. Ó wò mí. Ó yọ péńsùlù kúrò létí.

"Rédíò, ta ló ń kí yẹn?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?"

"Kì í ṣe èmi o. Èmi pẹ̀lú ẹ̀ ò mọra rí."

Mo dákẹ́. Ẹyẹ náà dákẹ́, ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń retí kí n máa bá ìròyìn lọ. Nígbà tí mo yíjú, Dókítà ti wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìtọ́jú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mọ̀mí, ṣé ẹ bá a sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́ ohùn mi láti ojú fèrèsé."

Kò fèsì.

"Fèrèsé yàrá yẹn kì í pa dé dáadáa."

Kò fèsì. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kan.

"Ó lè jẹ́ pé mo kí i lẹ́ẹ̀kan."

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀daràn jẹ́wọ́, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ dúró síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan. Kí Dókítà tó bọ́ ìbọ̀wọ́ kejì, mo ti ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, títí kan ohun tí mo sọ nípa òun.

Kò bínú sí ìyẹn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú.

"Lónìí, ohùn yín nìkan ni," ó ní. "Tó bá dé ìta, tí ebi ń pa á, ohùn obìnrin èyíkéyìí máa dà bíi tiyín létí ẹ̀. Ẹnì kan á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, á máa pe ọmọ ẹ̀, òun á sọ̀ kalẹ̀ síwájú ẹni yẹn, á la ẹnu. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa fi kí i."

"Mo mọ̀."

"Màá fún un lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Tó bá ṣì ń wá síbi ohùn, mi ò ní lè tú u sílẹ̀. Mi ò sì lè ti ẹyẹ tó ń fò lójú ọ̀run mọ́ inú àgò títí tó fi máa kú. Ẹ mọ ohun tó kù."

Mo mọ ìyẹn náà. Inú fìríìjì kékeré ló wà, nínú ìgò tó ní ìdérí pupa. Èmi ni mo máa ń di ẹranko mú nígbà tí Dókítà bá ń fà á sínú abẹ́rẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó rọrùn, pé kí n ṣáà dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ọwọ́ àti ojú ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yẹn. Mo fọwọ́ béèrè garawa, wọ́n gbé àkàbà fún mi. Mo fi ojú bú Káfíńtà, ó rò pé mo ń kí òun, ó kí mi padà, ó tún béèrè ara ọkọ mi. Ẹ wo ìyà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, mo ní "Hẹ̀n" lásán. Kò tíì kúrò lẹ́nu mi tán tí ẹyẹ fi dé.

Mo ní ó dáa, ẹnu tó fà á wá náà ló máa lé e. Ẹnu tó lé ẹ̀gbọ́n ọkọ gba ẹ̀yìnkùlé, kí ni tẹyẹ? Mo dúró síwájú rẹ̀, mo bú u látorí dé ìrù. Mo bú ẹyin tó ti inú ẹ̀ jáde. Mo bú igi tí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ sí, mo ní abájọ tí wọ́n fi gé e. Ìdajì wákàtí gbáko, òógùn bò mí. Àwòdì di ojú, ó fẹ ìyẹ́, ó ń mi díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tí oorun ń gbé lọ.

Káfíńtà ló là mí lójú láti ìdí pákó tó ń rẹ́. "Èébú lo fi tọ́ ọ, Rédíò. Orin oorun ẹ̀ lò ń kọ yẹn."

Lọ́jọ́ náà ni Dókítà pè mí sí ọ́fíìsì. Ó ní àwòdì náà máa lo oògùn aràn ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á sì máa yẹ apá rẹ̀ wò. Inú òkùnkùn la máa ń ṣe é fún wọn, a ó da aṣọ bò wọ́n lórí, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀, kí ẹyẹ má bàa mọ ẹni tó di òun mú.

"Ti èyí máa yàtọ̀," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣe é, lójúmọmọ, láìbojú. Ẹ máa sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń fi àwọ̀n mú un, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń da oògùn sí i lẹ́nu. Oúnjẹ ò gbọdọ̀ ti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ mọ́. Ìyà nìkan ni kí ohùn yín máa mú wá."

"Ẹ jẹ́ kí Káfíńtà ṣe é."

"Ṣé ohùn Káfíńtà ló ń sáré sí?"

Èmi tí mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹ̀yìn ríro dé sí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ojú mi ò ríran mọ́. Mo ní orúnkún mi. Dókítà jẹ́ kí n ka gbogbo ara mi tán, ó wá ní ọ̀la la máa bẹ̀rẹ̀.

Mo bá ọkọ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣẹ́ etí kọ́tìnnì kan. Mo jókòó sórí àpótí, mi ò sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyá Ìbejì, ṣé ara ò yá ni?"

Mo rò ó fún un. Mo ní kì í ṣe pé mi ò lè di ẹyẹ mú. Ó ní òun mọ̀. Mo ní tí mo bá ti la ẹnu, gbogbo ayé ló ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹyẹ yìí nìkan ni ohùn mi ń mú sún mọ́ mi. Wọ́n wá ní kí n fọwọ́ ara mi lé e lọ bá àwọn yòókù.

Ó ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. "Àwa tá ò sá ńkọ́?"

"Ẹ̀yin? Ẹ kì í gbọ́ mi ni. Ẹ̀rọ yín ń pariwo jù mí lọ."

"Ìdí tí mo fi rà á nìyẹn," ó ní, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé e.

Nígbà tó rán an dé igun, ẹ̀rọ dákẹ́. Kò wojú mi. "Ẹyẹ yẹn ò mọ ohun tó ò ń sọ. Ẹran ló ń gbọ́ nínú ohùn ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa, tó o bá ti mọ̀."

Mo bínú sí i gan-an, torí pé òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo wọ àgò láìbojú. Mi ò tíì sọ gbólóhùn kejì tó fi wá bà lé etí garawa níwájú mi. Mi ò nílò àwọ̀n pàápàá, ọwọ́ ni mo fi gbé e. Mo yí i dojú sókè, mo fìka ya ẹnu rẹ̀, mo da oògùn kíkorò yẹn sí i, mo na apá tó sán rí, mo ń sọ ohunkóhun tó bá bọ́ sí mi lẹ́nu. Kò jà. Ìyẹn ló burú jù. Ó ń wò mí bí ẹni tó gbà pé àṣìṣe ni, pé ẹran máa tẹ̀ lé e láìpẹ́. Nígbà tí mo tú u sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó la ẹnu. Mo jáde. Mo sọ fún Káfíńtà pé eruku pákó ẹ̀ ló kó sí mi lójú. Ó ní òun ò tíì rẹ́ pákó kankan látàárọ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣì wá, ṣùgbọ́n kò yá bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta mo mú àwọ̀n dání. Ó fi èékánná gún ìbọ̀wọ́ awọ já, ó gún mi níka dé eegun, mo sì bú u tọkàntọkàn, kì í ṣe ti eré mọ́. Àfi bíi pé ó mọ ìyàtọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin kò wá. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ìta ni mo ṣì wà, Dókítà ni mo ń kí káàárọ̀, tó fi fò lọ sí ìkangun kejì. Ó fún gbogbo ìyẹ́ mọ́ra, ó tín-ín-rín bí igi, ó ń fi ojú tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi ń wò mí wò mí.

"Ó dáa," ni Dókítà wí.

"Ẹ ṣeun," ni mo wí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ti yìn mí fún láyé, òun nìkan ló dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin pé. Dókítà ní ká dán an wò kẹ́yìn. Ẹyẹ kò jẹun láti àná. Wọ́n gbé àga kan fún mi sínú àgò, wọ́n gbé ẹran sórí òpó kúkúrú kan tó jẹ́ pé mo lè nawọ́ kàn án. Dókítà wọ inú àpótí pákó tí Káfíńtà kàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí wọ́n ti ń yọjú wo ẹyẹ láìjẹ́ kó rí wọn. Wákàtí kan ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ̀rọ̀. Tí àwòdì bá wá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn mi, ó tán.

Wákàtí kan. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti fi wákàtí kan kí èèyàn lójú títì rí.

Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Èmi, Rédíò. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mi ò rí ọ̀rọ̀. Mo ka ohun tí wọ́n kọ sára ike oògùn: ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọdé ò ti ní tó o. Mo ka ojú àwọ̀n, mo ṣìṣe, mo tún un kà. Mo yọ ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kúrò lápò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ẹni ń ka ìwé mímọ́: "Ọjọ́ Ajé, gbígbá àgò ìjàpá."

Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹyẹ fi mira. Ó wo ẹran. Ó wò mí. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí igi tó bà lé, ìṣísẹ̀ kan, ìṣísẹ̀ méjì. Ó fò, ó wá bà lé igi àárín.

Àwọ̀n tí mo fi ń mú un wà nílẹ̀ lábẹ́ àga mi. Ó mọ àwọ̀n yẹn. Tí mo bá kàn fẹsẹ̀ mì í díẹ̀, á sá, Dókítà á kọ ọ́ pé ó yege, ìgò onídèérí pupa á dúró sínú fìríìjì ẹ̀. Láti ibi tí ihò àpótí pákó yẹn wà, orí mi nìkan ni wọ́n lè rí. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí ọ̀pá àwọ̀n kí n tó mọ̀.

Mo sọ fún yín níṣàájú pé mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni. Mo bẹ̀rù obìnrin kan níbẹ̀ yẹn, obìnrin tí mi ò mọ̀ rí, tó máa jáde sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ lọ́jọ́ kan tó máa pe ọmọ ẹ̀. Èmi ò ní sí níbẹ̀. Àwọ̀n mi ò ní sí níbẹ̀. Òkúta nìkan ló máa wà nílẹ̀.

Mo fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ni mo kà. "Pípààrọ̀ omi òwìwí."

Àwòdì la ẹnu. Kò ké. Ó tẹ̀ síwájú, ó la apá sí ìdajì. Ebi ń pa á, mo rí i. Mo mọ bí ebi ẹ̀ ṣe ń rí, mo ti pè é ní ìfẹ́ rí.

"Ọjọ́rú, fífọ garawa. Ọjọ́bọ̀, fífọ garawa, torí pé ẹni tó yẹ kó fọ̀ ọ́ ní Ọjọ́rú kì í fọ̀ ọ́ mọ́."

Ó pa ẹnu dé. Ó yí padà, ó fò, ó lọ láìdúró títí dé ìkangun, ó bà, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo kà á dé Ọjọ́ Àìkú, mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí Ọjọ́ Ajé. Nígbà tí wákàtí pé, eèrà ti gba ẹran.

Dókítà jáde, ó kọ nǹkan sínú ìwé ẹ̀. "Ó yege." Ó pa ìwé dé. "Ẹ̀yin náà yege, Mọ̀mí. Mo rí ẹsẹ̀ yín."

"Ihò yẹn ò dé ìsàlẹ̀."

"Méjì ni mo dá sí i," ni Káfíńtà wí látẹ̀yìn àwọ̀n. "Mo mọ irú ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́."

Ní ọjọ́ kẹta, a gbé e lọ sí pápá kan létí odò, nínú àpótí tí a lu ihò sí. Káfíńtà ló wa mọ́tò. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nídìí ìtúsílẹ̀. A máa ń ṣí ìdérí ni, a ó sún sẹ́yìn. Dókítà ṣí i. Ẹyẹ náà jókòó sínú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò jáde. A dúró, a dúró. Dókítà wá yíjú sí mi.

"Mọ̀mí, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ sí i."

Káfíńtà fìka di etí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo ti fi ń to ohun tí màá sọ jọ, torí mo fura pé wọ́n lè ní kí n sọ̀rọ̀. Àdúrà wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, èébú kékeré kan wà níbẹ̀ láti fi parí ẹ̀. Mo ní, "Ó yá."

Ìwọ̀nba ohun tó gbọ́ nìyẹn. Ó fò jáde bí òkúta inú kànnàkànnà, ó kọjá lórí odò, kò wẹ̀yìn. Atẹ́gùn gbé e, ó ń yí, ó ń ga, ó ń kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti sá fún ẹnu mi, mi ò tíì dúró wo ọ̀kan kí n máa gbàdúrà pé kó má dúró.

"Ọ̀rọ̀ méjì péré," ni Káfíńtà wí nígbà tí a padà dé ìdí mọ́tò. "Rédíò, o ti ń gbọ́ èdè Dókítà."

"Ṣí ilẹ̀kùn."

"Ṣé ò ń sunkún ni?"

Mo wọlé, mo jókòó, mo sì sọ fún un láti etí odò yẹn títí dé ẹnu géètì wa ohun tí mo rò nípa òun, bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́, àti ihò kejì. Ó yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, ó yọrí síta, ó ń wa mọ́tò lọ.